Bí Aṣọ́pọlọ Ṣe Fi Oorun Rúbọ

Etí tó bá gbọ́ igbe kó wá ibi tí igbe ti jáde, awo inú Agbárí, ló dífá fún Aṣọ́pọlọ ní ọjọ́ tí wọ́n fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ ìlú Ọpọlọ.

Ìlú náà tóbi. Ògiri egungun ló yí i ká, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kì í sì í wọ ibẹ̀ bó ti wù wọ́n. Ajíṣẹ́ ni à ń pe àwọn ará ìlú. Àwọn ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ahọ́n. Ajíṣẹ́ tó bá kú, ó ṣòro kí a tó rí arọ́pò rẹ̀. Èyí ló ń ba Aṣọ́pọlọ lẹ́rù. Apá rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀ka igi lóòótọ́, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí ọṣẹ́ bá ti ṣẹ̀?

Ifá ní kó rúbọ: ìgbín, òrí, omi tútù, àti oorun ojú rẹ̀.

Aṣọ́pọlọ la ẹnu sílẹ̀. “Baba, ta ní í fi oorun rúbọ?”

Awo ní, “Ẹni tí a bá fi ìlú lé lọ́wọ́ ni. Máa na apá rẹ kiri, máa fọwọ́ kan ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ọṣẹ́ bá ṣẹ̀, òkú ni kí o gbé mì. Má jẹ́ kí ìbínú gbé alààyè sí ọ lẹ́nu.”

Kò jiyàn mọ́. Ó rúbọ, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti fojú kan oorun mọ́.

Àgbẹ̀ kan, Ọ̀jẹ́wùmí, ló ni orí tí ìlú náà wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀sán kan, ó gun igi igbá. Ẹ̀ka dá, ó já lulẹ̀, ó fi orí gbá gbòǹgbò. Nínú ìlú Ọpọlọ, ilẹ̀ mì tìtì. Ara àwọn Ajíṣẹ́ ya, agbára tí wọ́n kó pamọ́ fún iṣẹ́ sì tú síta bí iyọ̀ nínú omi. Aṣọ́pọlọ tọ́ ọ wò. Ó mọ̀ pé ara tó le kì í da agbára rẹ̀ síta. Ibi tí iyọ̀ náà ti pọ̀ jù ló kọjú sí.

Ó na apá láti ìhà gbogbo, ó fi ṣe ọgbà yí ojú ọgbẹ́ ká, kí ọṣẹ́ má baà ràn. Ó wá ń gbé òkú mì. Bó ti ń gbé wọn mì ni ara rẹ̀ ń gbóná, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n. Ó dé ọ̀dọ̀ Àyọ̀ká, ẹni tó ń jíṣẹ́ fún ọwọ́ ọ̀tún.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé mi mì o! Ẹsẹ̀ mi ló dá. Mi ò kú.”

“Bí gbogbo yín ṣe máa ń wí nìyẹn.” Ẹnu rẹ̀ ti là.

“Ẹ fọwọ́ kàn mí ná!”

Ó fọwọ́ kàn án. Àyọ̀ká ń mí. Ojú ti Aṣọ́pọlọ, ó pa ẹnu dé. Ẹ̀rọ̀ ìgbín sọ̀ sí i lára. Ó jókòó tì í, ó ń fún un lóúnjẹ, títí ẹsẹ̀ náà fi jinná.

Láti ọjọ́ tó ti ṣubú ni ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀jẹ́wùmí ti rọ jọwọrọ. Fádérera aya rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ní òwúrọ̀ kan, ó mú iṣu sísun wá. Kó tó gbé e dé ẹnu ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà ti na ọwọ́ ọ̀tún, ó gbà á.

Fádérera figbe ta. “Ọkọ mi, ọwọ́ yín!”

“Jẹ́ kí n jẹun ná,” ni Ọ̀jẹ́wùmí wí.

Ẹbọ Aṣọ́pọlọ fín, ó dà. Ifá ní ẹni tó bá ń ṣọ́ ohun olóhun, kó rú ẹbọ tirẹ̀, kó sì gbọ́ ìkìlọ̀, kí ire lè kárí ilé.