Odindi Là Ń Sọ fún Aláìsàn

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí; bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò tíì fi òwe yìí bá wí rí, àgàgà níwájú àlejò, nígbà tí ìyá ẹni ti ṣẹ́jú tí a kò sì tètè fi ẹran sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìlú Òkè-Aràbà tí ẹ pa òwe náà, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ fi ibẹ̀ sinmi. Ẹnìkan á gbà á lẹ́nu yín, á ní, "Odindi là ń sọ fún aláìsàn." Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí wọ́n ti rí ìrù tí wọ́n so mọ́ òwe àwọn baba wa yìí? Kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín o. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rín, kó yà sí ilé kejì.

Télọ̀ kan wà ní ìlú náà tó ń jẹ́ Akínlàbí. Ó mọṣẹ́ débi pé bí ó bá ti wo oníbàárà lókè-nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ bí àyà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó; téèpù tó ń fà yọ lẹ́yìn náà, àṣà lásán ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ ìránṣọ. Akínlàbí jókòó ti máṣíìnì títí ara rẹ̀ fi wúwo, tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Bí ó bá gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa sáré bíi máṣíìnì tí ọmọ-iṣẹ́ tuntun ń tẹ̀.

Fọyèkẹ́ ni obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní "ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀" nítorí bí ẹbí ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn tí ìyàwó àkọ́fẹ́ Akínlàbí kú ni Fọyèkẹ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ẹ̀kọ́ di ọ̀rẹ́, tí ọ̀rẹ́ di ilé. Wọn kò ṣe ìdána. Ẹbí kò jẹ iṣu rẹ̀, wọn kò tọ́ oyin rẹ̀ lá, nítorí náà wọn kò pè é ní ìyàwó. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni tàgbà-tèwe ilé náà ń pè. Àwọn obìnrin àdúgbò ń pe ọkọ wọn ní olówó orí mi. Ta ló san owó orí tirẹ̀ tí yóò fi pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá ló ń pe Akínlàbí, bó ṣe ń pè é látìgbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ̀mí bá bọ́ lára ọkùnrin náà, ilé náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó tún fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ló wá burú jù. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù àìsàn náà fi ń bà á ju bó ṣe ń ba aláìsàn lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

"Bàbá, ìjókòó ló fẹ́ pa yín," ó ní. "Ẹ máa rìn, ẹ máa gun òkè láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín lù ju ọgọ́fà lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó síbi tí ẹ bá wà, ì báà ṣe àárín títì. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka lílù ọkàn."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jáde. Ìgbà tí wọ́n délé ni wọ́n rántí pé àwọn kò béèrè irú èyí tí àwọn yóò rà, nítorí oríṣiríṣi ni wọ́n ń tà.

Akínlàbí ní àbúrò obìnrin kan, Mọrádéyọ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni Fọyèkẹ́ ń pè é, nítorí obìnrin ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Mọrádéyọ̀ ní tirẹ̀ ń pe Fọyèkẹ́ lórúkọ ní gbangba, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Akínlàbí pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó ní òun á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi dé. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe wà gan-an:

"Egbon mi, e ma ra ti owo. E ra ti aya."

Ẹ ò rí ìwà wa? A ó wọ ẹ̀wù, a ó dé fìlà, a ó wá rán ọ̀rọ̀ síta ní ìhòòhò, kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀. Mọrádéyọ̀ mọ ohun tó ní lọ́kàn: kí ẹ̀gbọ́n òun má ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ bí aago, kó ra èyí tí wọ́n ń dì mọ́ àyà. Àyà ló kúrò ní Àkúrẹ́. Aya ló dé Òkè-Aràbà.

Akínlàbí gbé fóònù jìnnà sójú, ó kà á sókè: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa ra ti ọwọ́. Ẹ ra ti aya." Ó tún un kà. "Ti aya? Èmi ni ara mi kò yá, kí ni ti aya ti jẹ́ níbẹ̀? Jẹ́ kí n pè é padà."

Fọyèkẹ́ ti dìde dúró. Aya. Ọ̀kan nínú ọmọ ilé yìí ló kọ ọ́, kò sẹ́ni tó fipá mú un. Inú rẹ̀ dùn.

"Ọ̀gá, ẹ má pè wọ́n mọ́," ó ní. "Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kí ẹ ra ti ọwọ́, kí ẹ sì ra ti ìyàwó yín mọ́ ọn, ká lè jọ máa rìn. Kí ló tún kù? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí."

Akínlàbí wo ojú rẹ̀, ó rí ohun tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe òǹrorò ọkùnrin. Ó ti fóònù bọ àpò.

Ní ìsọ̀ tí wọ́n lọ lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ń tajà gbé méjì kalẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan dà bí aago. Èkejì jẹ́ bẹ́líìtì pẹlẹbẹ kan tó ń nà, nǹkan dúdú roboto wà láàárín rẹ̀.

"Bẹ́líìtì yìí làwọn eléré ìdárayá ń rà o," obìnrin náà wí. "Wọ́n ní òun ló ń kà á pé."

Akínlàbí gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, tí n ó máa fi bẹ́líìtì di ikùn? Nọ́ọ̀sì ní ti ọwọ́, ti ọwọ́ náà la ó rà. Mú méjì wá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn Akínlàbí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn, nítorí kì í bọ́ ọ sílẹ̀ bó bá ń jáde. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wọn àyà aráyé, kò rántí àyà lọ́jọ́ tó yẹ kó rántí. Kí obìnrin náà tó ṣí páálí kejì, Fọyèkẹ́ ti na ọwọ́ fún un.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú láràárọ̀, tí igi aràbà ńlá wà lórí rẹ̀. Wọ́n ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí èkíní bá gbẹ́sẹ̀ èkejì á gbé e. Àwọn tó ń lọ sóko ń kí wọn tọkọtaya, Fọyèkẹ́ a sì dáhùn kíákíá kí wọ́n má baà yí i padà. Lọ́jọ́ kan ló ṣàkíyèsí nǹkan kan.

"Ọ̀gá, kí ni tiyín kà?"

"Ọgọ́rùn-ún lé mẹ́jọ."

"Ẹ wo tèmi. Bákan náà ni!"

Wọ́n tún wò ó níwájú díẹ̀, bákan náà ni. Fọyèkẹ́ ní ọkàn àwọn ti di ọ̀kan. Pé ohun tí ẹbí kò so, Ọlọ́run ti bá òun so ó. Ó sọ ọ́ nísọ̀, ó sọ ọ́ lójúde, títí tí àwọn ọmọ-iṣẹ́ fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé báwo ni ọkàn aláìsàn àti ti alálàáfíà ṣe ń lù bákan náà lórí òkè.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí ọ̀ràn náà dé, ilẹ̀ ń yọ̀. Wọ́n ti kọjá ìdajì òkè nígbà tí Akínlàbí fi ọwọ́ lé àyà.

"Fọyè, àyà mi ń lù kìkì."

Wọ́n wo aago rẹ̀. Kò tó ọgọ́fà. Fọyèkẹ́ wo tirẹ̀, àwọn méjèèjì dọ́gba.

"Aago ní kò sí nǹkan, Ọ̀gá. Ẹ rọra máa bọ̀. Bí a bá dé ìdí aràbà, a ó jókòó."

Akínlàbí gbà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọn kò dé ìdí aràbà. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ fi bá wọn, Fọyèkẹ́ wà nínú ẹrẹ̀, ó gbé orí ọkùnrin náà lé itan, ó ń pe "Ọ̀gá! Ọ̀gá!" bí ìgbà tí oníbàárà bá ń dúró dè é níta.

Wọ́n sin ín. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹbí pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí ibẹ̀ ló fẹ̀ jù nínú ilé. Fọyèkẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ẹni tí kò ní àyè ń jókòó sí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹkún kò jẹ́ kí Mọrádéyọ̀ rí nǹkan. Lọ́jọ́ kẹjọ yìí ni ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ọwọ́ Fọyèkẹ́.

"Fọyèkẹ́, irú aago wo nìyí?"

"Èyí tí ẹ ní ká rà ni, Ìdílẹ̀kẹ̀. Ọ̀gá ní tiwọn, èmi náà ní tèmi."

"Èmi kẹ̀? Mo ní kí ẹ má ra ti ọwọ́! Ti àyà ni mo ní kí ẹ rà!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ti aya. Ti ìyàwó."

Téèpù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí máṣíìnì. Mọrádéyọ̀ fà á, ó fi yí ara rẹ̀ ká lábẹ́ ọmú, ó dì í mú níbẹ̀. "Ibí yìí," ó ní. "Àyà. Ibí yìí ni wọ́n ń dì í mọ́. Ti ọwọ́ máa ń ṣìnà bí èèyàn bá ń rìn tí apá ń mì. Ó lè máa ka ẹsẹ̀, kó máa pè é ní ọkàn."

Fọyèkẹ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀. Bí èkíní bá gbẹ́sẹ̀, èkejì á gbé e. Ẹsẹ̀ ni aago méjèèjì jọ ń kà, nígbà tí ọkàn Ọ̀gá ń dá sáré nínú àyà rẹ̀ láìsí ẹni tó gbọ́. Nígbà tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì gbọ́ ọ, tó pariwo rẹ̀ síta, òun ni òun ní kó máa bọ̀. Ikú ti mú ọkọ lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí wá mú aya lọ. Kò mọ èwo nínú méjèèjì ni kí òun sunkún rẹ̀.

Mọrádéyọ̀ ti gbé ara rẹ̀ lu ilẹ̀. "Èmi ni mo pa ẹ̀gbọ́n mi o!"

"Dìde, ọmọ mi," ni Bàbá Ọládòkun, olórí ẹbí, wí, ojú rẹ̀ sì wà lára Fọyèkẹ́. "Ìwọ kọ́. O ti sọ tìrẹ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí."

Látìgbà tí Fọyèkẹ́ ti wọ ilé náà, kò sọ̀rọ̀ rí níbi tí ẹbí bá pé sí. Lọ́jọ́ yẹn ó sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè.

"Òótọ́ ni, Bàbá. Èmi náà pa òwe yẹn. Ọ̀gá fẹ́ pe Ìdílẹ̀kẹ̀ padà kí wọ́n béèrè, èmi ni mo fi òwe dí wọn lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n odindi là ń sọ fún aláìsàn. Ká sọ ọ́, ká tún un sọ, ká bi í bóyá ó gbọ́."

Ó bọ́ aago náà, ó mú téèpù nílẹ̀, ó kó méjèèjì lé orí máṣíìnì, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Ìgbà náà ni Mọrádéyọ̀ rá kòrò wá sẹ́nu ọ̀nà, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ìyàwó wa," ó ní, "ìyàwó wa, jọ̀ọ́, dákẹ́." Gbogbo ẹbí gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Ó pẹ́ kí Fọyèkẹ́ tó dá a lóhùn, nítorí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Báyìí ni òwe náà ṣe ní ìrù ní Òkè-Aràbà. Àwọn àgbà ń pa á fún ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ kan síta, tó ń kù gìrì sọ bí a ó ṣe lo oògùn fún arúgbó. Wọ́n ń pa á fún ọmọ tó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ àbọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń pa á fún jù ni ẹni tó gbọ́ ohun tó wu etí rẹ̀, tí ojú wá ń tì í láti béèrè. Bí wọ́n bá ti pa á tán, wọn kì í túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n á kàn gbé fóònù lé onítọ̀hún lọ́wọ́, wọ́n á ní kó pè padà.