Ìṣáwùrú Inú Amọ̀

Ní ìdí òkè Elérò, níbi tí igbó ti dí débi pé ọ̀sán gangan máa ń dà bí ìrọ̀lẹ́, ni Ọdẹ́wálé ti ń kọ́ ilé fún Ìbíyẹmí, ìyàwó rẹ̀. Ọmọ méjì ti kú mọ́ obìnrin náà lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, Dúrósinmí, ló ń pọ̀n kiri, kì í fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ rárá.

Bí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ pọ amọ̀ ilé náà, ìkarahun ìṣáwùrú ń gún Ìbíyẹmí lẹ́sẹ̀. Ó ṣà á títí ó fi kún igbá. Àyà rẹ̀ já. Inú odò ni ìṣáwùrú ń gbé. Kí ló wá dé orí ilẹ̀ gbígbẹ? Ìyá ọkọ rẹ̀ ní òun kò bá odò níbẹ̀, ṣùgbọ́n odò a máa rántí ọ̀nà rẹ̀.

Ọdẹ́wálé fi í ṣe ẹlẹ́yà, ó ní kó fi ìkarahun náà se ọbẹ̀. Wọ́n parí ilé, wọ́n kó wọlé. Ọdẹ́wálé wá ń gé igi orí òkè láti dá oko. Bí igi ṣe ń tán lókè, bẹ́ẹ̀ ni omi tó ń ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé wọn ń pupa sí i lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Ta ni kò ní bẹ̀rù?

Ìbíyẹmí mú ọkọ́, ó pọn ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ yàrà gba ẹ̀yìn ilé lọ sí àfonífojì. Àwọn tó ń lọ sóko a máa bi í pé ogun wo ló ń bọ̀ tó fi ń wa yàrà.

“Ìyá Dúró, ta ló sọ fún ọ pé omi ń bọ̀?” ni ọkọ rẹ̀ bi í.

“Baba Dúró, ta ló sọ fún yín pé kò ní wá?”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn ń ràn lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n orí òkè ṣú dùdù. Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn kan bí ẹni pé igbó ń fà ya. Àgbàrá pupa yọ láàárín igi, ó ń yí ìtì tí Ọdẹ́wálé gé bọ̀. Ó gbá ilé adìẹ lọ. Ó kọlu etí yàrà, ó ru sókè, ó sì yà sí àfonífojì. Ìtì kan forí sọ ògiri. Ògiri sán, kò wó. Ìbíyẹmí wà nínú ilé, ó di ọmọ mọ́ àyà.

Nígbà tí omi fà, Ọdẹ́wálé gbé ọkọ́ ìyàwó rẹ̀, ó bọ́ sínú yàrà, ó ń gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ìyá rẹ̀ dúró létí yàrà náà, ó ń wò ó.

“Ọmọ mi, àgbàrá ò kúkú bá ọ ṣe àdéhùn. Aya rẹ ni kò gbà fún un.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń sọ ọ́ títí dòní pé: Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.