Ìlà Tí Ìjàpá Kò Rí Òpin Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, mo gbé àlọ́ dé o.

Ẹ gbé e kalẹ̀, a ti jókòó.

Àlọ́ mi já bọ́, kò fọ́. Ó yí gbirigbiri wọ inú igbó, ó gba ẹsẹ̀ àwọn ẹranko ńlá kọjá, ó lọ bà lé ẹ̀yìn Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, lọ́dún tó fẹ́ di aṣòfin. Ẹni tó bá rí èèrà lónìí ti rí ìdáhùn àlọ́ yìí. Kò kàn tíì mọ̀ ni.

Nígbà náà, àwọn ẹranko ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lábẹ́ igi àràbà kan. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń rán ẹnì kan lọ jókòó níbẹ̀. Ìjókòó àdúgbò Etí-Odò wá ṣófo, nítorí pé àgbà Awọ́nrínwọ́n tó wà níbẹ̀ kú sórí ìjókòó. Ó pẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ̀, torí bó ṣe máa ń jókòó náà nìyẹn.

Ẹni méjì ló jáde láti du ipò náà. Ìjàpá ni èkínní. Ohun tó ń wá kò ju àsáró tí wọ́n máa ń gbé fún àwọn aṣòfin lọ́sàn-án. Èkejì ni Ìrẹ̀, kòkòrò tó máa ń han lábẹ́ koríko nírọ̀lẹ́. Ìrẹ̀ kéré débi pé nígbà tó dìde sọ̀rọ̀, ńṣe ni Àgbọ̀nrín, alága ìdìbò, ń wo ọ̀tún wo òsì, tó ń wá ẹni tó ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohùn náà kún gbogbo abẹ́ àràbà.

Ó ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ibi tó bá wu àwọn ẹranko ńlá ni wọ́n ń gbà lọ mumi, wọn a sì tẹ ihò àwọn kéékèèké wó. Ó ní ìyá òun wà nínú ihò lọ́jọ́ tí Erin kọjá lésìí. Ó ní ẹyin tòun náà wà lábẹ́ ilẹ̀ báyìí, ní bèbè odò, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti dé tán. Bí òun bá wọlé, òfin kan ṣoṣo lòun máa ṣe.

"Ọ̀nà kan péré ni kí ẹ máa gbà," ni Ìrẹ̀ wí. "Ẹ gbà á lọ, ẹ gbà á bọ̀. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún àwa tí à ń gbé inú rẹ̀."

Àwọn ẹranko ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ìjàpá rẹ́rìn-ín sínú. Ó tọ Erin, Ẹfọ̀n àti Òjòlá lọ, ó ní bí òun bá wọlé, ibi gbogbo ni ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn á tò sẹ́yìn rẹ̀. Nítorí ní ilẹ̀ àwọn ẹranko, olùdíje á dúró, àwọn tó fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á wá ka orí. Orí yìí ló ń ká Ìjàpá lára. Ó lọ bá Àgbọ̀nrín.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú yín á fọ́ níbi tí ẹ bá ti ń ka èèrà. Ẹ kàn wo ìlà tó bá gùn jù."

Àgbọ̀nrín ní ṣé kò ní í di wàhálà.

"Wàhálà wo? Èyí gùn, èyí kúrú. Ọmọ ọwọ́ ò lè ṣi ìyẹn wò."

Ó wọ Àgbọ̀nrín létí, Àgbọ̀nrín sì kéde rẹ̀. Ó ní òfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ o: ẹni tí ìlà ò bá dá lójú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fẹsẹ̀ rìn ín dé òpin, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kúrò lórí ìlà títí yóò fi dé ibẹ̀. Ìjàpá ní ó tẹ́ òun lọ́rùn.

Yánníbo ní kí ọkọ òun má gbàgbé pé èèrà pọ̀. Ìjàpá ní òun ti ro tiwọn. Nígbà tí ìdìbò ku ọ̀la, ó gbé ìkòkò oyin kan, ó lọ dà á sẹ́yìn òkè, kó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa lá oyin lọ́jọ́ ìdìbò.

Ibẹ̀ ló ti ṣìṣe. Èèrà kì í dá jẹun. Èyí tó kọ́kọ́ kan oyin náà ò tíì fẹnu kàn án tó fi sáré padà lọ pe ìyá rẹ̀. Ìyá pe ará ilé. Ará ilé pe aládùúgbò. Ìkamọ̀dù wá. Ìjàlọ wá. Tanpẹ́pẹ́ wá. Ikán tí kì í fẹ́ rí oòrùn náà yọjú. Ìrẹ̀ tó ti ń ronú bí òun yóò ṣe dé ihò gbogbo wọn kàn gun orí koríko kan nírọ̀lẹ́, ó sì bá gbogbo àdúgbò níjókòó. Ìjàpá ti bá a kó ìpàdé jọ. Ìrẹ̀ dá orin, wọ́n gbè é:

Ta ló ń gbé ìsàlẹ̀?
*Àwa ni o, àwa ni.*
Ta ni wọ́n ń tẹ̀ kọjá?
*Àwa ni o, àwa ni.*
Ta ni yóò tò lọ́la?
*Àwa ni o, àwa ni.*

Ilẹ̀ mọ́. Ìjàpá dúró. Erin tò sẹ́yìn rẹ̀, Ẹfọ̀n tẹ̀ lé e, Òjòlá sì na ara rẹ̀ gbọnrangandan sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ìlà náà gùn dé ìdí ọ̀pẹ. Ìjàpá bojú wẹ̀yìn, òórùn àsáró ti ń ta á nímú.

Ẹ̀yìn Ìrẹ̀ ṣófo. Lẹ́yìn náà, èèrà kan dé, ó dúró. Òmíràn dúró tì í. Ìlà náà tín-ínrín bí òwú. Ó kọjá ọ̀pẹ. Ó gba orí igi tó wó sódò sọdá. Ó gun òkè, ó sì sọ̀kalẹ̀ sí òdìkejì rẹ̀. Àwọn ẹyẹ fò sókè láti wo ibi tó ń lọ, wọn ò sì padà wálẹ̀. Àwọn aṣòfin dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Erin wo ìlà náà lọ, ó wò ó bọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"Abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni gbogbo yín wà látọjọ́ yìí?" ló bi wọ́n, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

Àgbọ̀nrín sáré lọ wo òpin ìlà. Àárọ̀ ló lọ. Oòrùn ti kan àtàrí kó tó dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mi ò rí òpin rẹ̀," ló wí. "Wọ́n ṣì ń ti inú ilẹ̀ jáde."

Ìjàpá ní irọ́ ni, kò dá òun lójú. Àgbọ̀nrín ní ó dáa, kó máa rìn. Wọ́n búra fún Ìrẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ní ti Ìjàpá lè máa lọ lọ́wọ́. Ó ń na ọrùn, ó ń wolẹ̀, ó ń tẹ̀ lé ìlà. Láàárín àwọn ìkamọ̀dù, ó bá ìyàwó rẹ̀.

"Yánníbo, kí lò ń ṣe níbí?"

"Mo tò ni, baálé mi. Ilẹ̀ lèmi náà ń gbé. Ẹ máa lọ, ẹ ò tíì dé ìdajì."

Òfin Ìrẹ̀ di ṣíṣe. Erin mú ọ̀nà kan, kò yà kúrò níbẹ̀. Ẹyin bèbè odò pa, àwọn ọmọ Ìrẹ̀ jáde, wọ́n sì ń han.

Ìdí nìyẹn tí èèrà fi ń tò lórí ìlà títí dòní: alága ò tíì tú wọn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tí Ìjàpá fi ń rìn jẹ́jẹ́, tó ń na ọrùn, tó ń wolẹ̀. Kò tíì dé òpin.

Àlọ́ mi dúró síbẹ̀. Bí mo bá parọ́, kí èèrà tó ń kọjá lára ògiri yẹn yà kúrò lórí ìlà, kó wá já mi nírọ́. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ó yà?

Kò yà.

Ẹ lọ sùn.