Ilẹ̀kùn Méjì Ẹnu Bodè Ọ̀pẹ́rìn

Obìnrin mẹ́tàlá ló ń mọ ìkòkò ní abúlé Ìlamọ̀, Àwẹ̀ró sì ni olórí wọn. Kì í ṣe pé ó dàgbà jù wọ́n lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ amọ̀ jù, ẹnu rẹ̀ ló sì mú jù, nítorí náà wọ́n fi í jẹ Ìyá Ẹbu kí ariwo lè rọlẹ̀. Ẹbu ni ibi tí wọ́n ti ń po amọ̀, tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, tí wọ́n sì ti ń sun ún. Ìkòkò omi, ìṣaasùn, àmù, agbada, kò sí èyí tí wọn kì í mọ níbẹ̀. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, wọn a dì wọ́n sínú àwọ̀n, wọn a gbé e ru, wọn a forí lé ọjà Ọ̀pẹ́rìn. Ọ̀nà náà jìn, òkúta sì pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò kì í dárí ji ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ.

Odi ló yí ìlú Ọ̀pẹ́rìn ká, bodè kan ṣoṣo ló sì wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́rù wọlé gbọ́dọ̀ san owó bodè. Owó ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọjà gan-an ni oníbodè ń mú: nínú iṣu mẹ́wàá, ó mú ọ̀kan; nínú ìkòkò mẹ́wàá, ó mú ọ̀kan. Nígbà tó yá, iná ọyẹ́ jó ọjà náà kanlẹ̀, gbogbo àlejò sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kí wọ́n lè padà wá, Ọba Ọlọ́pẹ́rìn dín owó bodè kù sí ìdajì fún ọdún méje, ó di ọ̀kan nínú ogún. Àwọn èèyàn sọ òfin náà ní Àánú.

Àánú yìí ló mú kí Àwẹ̀ró kó àwọn obìnrin rẹ̀ kúrò ní ọjà tí wọ́n ń ná tẹ́lẹ̀ wá sí Ọ̀pẹ́rìn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ṣèlérí fún wọn pé wọn kò ní kábàámọ̀. Wọn kò sì kábàámọ̀. Ẹbu tó ti ń kú lọ jí padà, àwọn ìyàwó tuntun kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀, èéfín rẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró fún ọdún méje gbáko.

Ṣùgbọ́n ọdún méje kì í ṣe títí ayé. Bí iṣu tuntun ọdún keje ti ń sún mọ́lé, ìlú pín sí méjì. Olóyè Ọ̀tún, tó máa ń jókòó lápá ọ̀tún Ọba, ní kí Àánú máa lọ títí láé. Olóyè Òsì, tó máa ń jókòó lápá òsì, ní kó parí lọ́jọ́ tó yẹ kó parí, wọn kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan lé e. Ká sọ tòótọ́, kò sí èyí tí kò lọ́gbọ́n lẹ́nu nínú wọn. Ọ̀tún ní bí ẹrù bodè bá tún wúwo, àwọn àlejò yóò sá. Òsì ní odi ìlú ti wó lẹ́yìn ọjà, ebi sì ń pa àwọn ẹ̀ṣọ́, a kì í fi àánú lásán mọ odi.

Ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni pé ó ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ Ọ̀tún kò jẹ́ kí onígbàjámọ̀ tó jẹ́ ti Òsì fá orí òun mọ́, òmíràn sì wà tí irun fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀ nítorí ìbínú. Bí àwọn ti Ọ̀tún bá ń kọjá lójúde Òsì, wọn a ní, "Òsì kò kúkú jìnnà sí òṣì!" Nígbà tí àwọn àgbà rán wọn létí pé ọ̀tún ní ń wẹ òsì, òsì ní ń wẹ ọ̀tún, tí ọwọ́ fi ń mọ́, àwọn ti Òsì dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí Ọ̀tún dá wẹ ara rẹ̀, ká wò ó bóyá yóò mọ́." Ọba ti darúgbó, kò sì fẹ́ wàhálà. Ó ní kí àwọn olóyè méjèèjì fẹnu kò kó tó di ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣu tuntun. Bí wọn kò bá fẹnu kò, òfin àtijọ́ yóò padà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí Àwẹ̀ró rí i pé ọjọ́ ti ń lọ, ó gbéra, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Olóyè Ọ̀tún.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Mo gbọ́ pé àwọn kan ní kí wọ́n fi ọdún méjì péré lé Àánú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á fún wa. Ọdún méjì tó kí ẹbu wa fẹsẹ̀ múlẹ̀."

Ọ̀tún mi orí. "Títí láé ni mo wí. Bí mo bá gba ọdún méjì, Òsì yóò máa yangàn pé òun ló borí."

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ Òsì lẹ̀ ń bá mi sọ."

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni," ni olóyè wí, ó sì ké sí ẹlòmíràn tó ń dúró.

Àwẹ̀ró lọ sọ́dọ̀ Olóyè Òsì. Òsì kò tilẹ̀ jẹ́ kó kúnlẹ̀ tán. "Ẹ̀yin amọ̀kòkò, ẹ ó sunkún, ẹ ó sì san án. Èmi kò ní ohun kan án ṣe ju kí n jókòó kí ọjọ́ pé. Àbí ibòmíràn wà tí ẹ ó gbà? Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà Ọ̀pẹ́rìn, ẹnu bodè sì ni. Ṣé ẹ kò mọ̀ pé odi ti wó lẹ́yìn ọjà, tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé wọ̀de? Kí ni ẹ fẹ́ ká fi tún un ṣe?"

Ó dun Àwẹ̀ró wọra. Nígbà tó délé, ó bá Ọ̀ṣunlékè, ẹni tó mọ ìkòkò sun jù nínú wọn, níbi tó ti ń kó òkúta tó fi ń dán ìkòkò sínú àpò.

"Ìyá Ẹbu, ọjà kan yìí ló kù tí mo máa bá yín ná," ni Ọ̀ṣunlékè wí. "Bí wọ́n bá mú ọ̀kan nínú mẹ́wàá, tí ọ̀nà sì fọ́ méjì, kí ló kù fún mi? Mo ń padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi."

Obìnrin márùn-ún mìíràn ní àwọn náà yóò lọ. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró gidigidi, nítorí ó mọ̀ pé bí àwọn mẹ́fà bá lọ, kò ní sí ẹbu mọ́, ìlérí rẹ̀ yóò sì di irọ́.

Ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣu tuntun pé, àwọn olóyè méjèèjì kò sì tíì fẹnu kò. Àṣà Ọ̀pẹ́rìn ni pé ilẹ̀kùn méjì ló wà lẹ́nu bodè. Àwọn ọmọ Ọ̀tún ní ń ṣí tọ̀tún, àwọn ọmọ Òsì ní ń ṣí tòsì. Àwọn baba ńlá wọn ló ṣètò bẹ́ẹ̀ kí ẹnì kan má baà dá ìlú tà fún ọ̀tá. Wọn kò rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn méjèèjì yóò sọ ara wọn di ọ̀tá.

Nígbà tí àwọn amọ̀kòkò débẹ̀, èrò ti kún ìta bodè bámúbámú. Òsì ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó ní òun kò ní ṣí i àfi fún ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ọ̀kan nínú mẹ́wàá lélẹ̀. Ọ̀tún ṣí tirẹ̀ gbayawu, ó ń ké pé, "Ẹ wọlé! Ọ̀kan nínú ogún ni!" Bí alágbàdo kan ti fẹ́ wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ Òsì na ọ̀pá dí i láti inú. Wọ́n tì í síwá, wọ́n tì í sẹ́yìn, àgbàdo rẹ̀ dànù. Inú wá bí Ọ̀tún débi pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà dé.

"Bí ọ̀rọ̀ tèmi kò bá ní ṣẹ," ó pariwo, "ti ẹnikẹ́ni kò ní ṣẹ!"

Báyìí ni ẹni tó ní òun ń gbèjà àwọn àlejò ṣe tìlẹ̀kùn mọ́ wọn síta. Oòrùn ń ga sí i, ẹrù ń wọni lọ́rùn, àwọn olóyè méjèèjì sì ń bú ara wọn láti ẹ̀yìn igi ilẹ̀kùn. Ọ̀ṣunlékè gbọ́ títí, ó sú u. Ó yí ojú sí ọ̀nà ilé.

"Ó dàbọ̀ o, Ìyá Ẹbu."

Àwẹ̀ró wo ilẹ̀kùn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ Òsì ń dún létí rẹ̀: ọ̀nà kan ṣoṣo. Lójijì ló rántí ìyókù ọ̀rọ̀ náà, èyí tó jẹ mọ́ ewúrẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé ìkòkò orí rẹ̀ ń kan ara wọn.

"Ọ̀ṣunlékè, dúró! Ibo ni wọ́n ní odi ti wó?"

"Ẹ̀yìn ọjà."

"Ṣé ewúrẹ́ wá gbọ́n jù wá lọ ni? Ẹ dìde, ẹ tẹ̀ lé mi!"

Ó yà kúrò lẹ́nu bodè, ó gba etí yàrà tó yí odi ká, àwọn obìnrin méjìlá sì tò tẹ̀ lé e, Ọ̀ṣunlékè pẹ̀lú. Alágbàdo tẹ̀ lé wọn, oníṣu tẹ̀ lé alágbàdo. Nígbà tí wọ́n dé ibi àlàpà náà, yàrà ti kún fún amọ̀ tó wó sínú rẹ̀, ó ti di afárá. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tẹ amọ̀ ọ̀hún wò. Amọ̀ gidi ni. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì gòkè lọ. Ní òdìkejì, ọjà ló wà níwájú rẹ̀, àwọn ará ìlú tó ti ń retí àlejò láti òwúrọ̀ sì hó yèè. Orin bẹ́ lẹ́nu àwọn amọ̀kòkò:

"Ilẹ̀kùn méjì ń jà,
Ẹsẹ̀ wa ò jà.
Ọ̀tún tì, Òsì tì,
Ẹ̀yìn ọjà ò tì!"

Kí ẹnikẹ́ni tó tà, Àwẹ̀ró ní kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀, bí òfin àtijọ́ ti wí. Ó kó ohun tí wọ́n yọ lọ sí ààfin, ó tò ó síwájú Ọba.

"Kábíyèsí o. A kò sá fún owó bodè. Bodè ló sá fún wa."

Ọba rẹ́rìn-ín títí adé fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe àwọn olóyè méjèèjì. Ẹnu bodè náà ni wọ́n ṣì wà tí wọ́n ń bú ara wọn, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí ẹni kankan níta mọ́. Wọ́n sáré dé, wọ́n ń mí hẹlẹ.

"Kábíyèsí, ibi tí wọ́n gbà kì í ṣe ọ̀nà!" ni Òsì wí.

"Bàbá, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti gbọ́ ọ," ni Àwẹ̀ró fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ̀yin lẹ júwe rẹ̀ fún mi."

Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún fẹ́ bá wọn rín in, àmọ́ Ọba kọjú sí i. "Ìwọ tó gbá ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ò ń gbèjà ńkọ́?" Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, tí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, kí Àánú lọ sí i fún ọdún mẹ́ta. Àwa tí à ń jẹ nínú rẹ̀ ni a ó mọ odi. Amọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, èyí tí kì í ṣe ti Ọ̀tún, tí kì í ṣe ti Òsì."

Ọba ní ó ti di òfin. Kí ọyẹ́ tó dé, odi ti ga padà. Àlejò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ débi pé ọ̀kan nínú ogún bọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yó. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí Bodè Amọ̀kòkò, Ọ̀ṣunlékè ló kọ́kọ́ wọlé, ó ru ìkòkò, ó ń jó, kò sì sí ẹni tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ àtilọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àwẹ̀ró dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo náà, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe lè sọ lọ.

Ọba bojú wẹ̀yìn, ó bi Olóyè Òsì léèrè níṣojú gbogbo ìlú pé ọ̀nà mélòó ló wọ ọjà Ọ̀pẹ́rìn. Òsì wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n sì ń pa lówe títí dòní fún ẹnikẹ́ni tó bá ní àfi tòun nìkan: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.