Ọwọ́ Tó Po Aádùn

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Adépèjú gbàgbé èyí láàárọ̀ Kérésìmesì.

Ọdọọdún ni àwọn ìyá inú ọgbà wa ń kó ìpápánu sórí àtẹ kan fún àlejò. Ọdọọdún náà ni aádùn Ìyá Mojírayọ̀ ń tán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan dọ̀nkúwà Adépèjú. Ohun tó dùn ún jù ni pé òun yan ẹ̀pà títí ojú òun fi pọ́n. Ìyá Mojírayọ̀ kò tilẹ̀ dáná. Ìyẹ̀fun àgbàdo tó rà lọ́jà ló kàn fi epo àti ṣúgà pò.

Bí wọ́n ṣe tún ń yin aádùn lọ́dún yìí, ara Adépèjú kò gbà á mọ́.

"Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ. Ọwọ́ ìdọ̀tí ló pò ó."

Ìyá Mojírayọ̀ gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó wú sókè. "Ọwọ́ mi rọ́ níjẹta. Nígbà tí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, màmá yín ló bá mi pò ó."

Gbogbo ojú yí sí ìyá arúgbó tó wá bá ọmọ rẹ̀ ṣọdún. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Epo ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Adépèjú," ó wí, "ọwọ́ yìí náà ni mo fi wẹ̀ ọ́ dàgbà."