Ìjàpá Da Aró, Ó Ní Àrọ̀ Ni

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbiri, ó yí gbiri, kò yí sókè, kò yí sígbó, etí odò ló já sí, níwájú Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Ìjàpá sọ ara rẹ̀ di aláró. Ó to ìkòkò sétí odò bí ẹni tó fẹ́ rẹ aṣọ gbogbo ayé. Bó bá lo aró tán, inú odò ló ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sí. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, ọ̀lẹ kì í gbẹ́ kòtò. Omi dúdú, ẹja kú, wọ́n léfòó.

Àkèré yé ẹyin sínú omi náà, kò pa. Ó tún yé, kò pa. Ó bá gba ilé Erin ọba ẹranko lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìjàpá. Àkèré fẹkún kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Ìjàpá, kí lo dà sódò?
*Omi, tòrò o, tòrò.*
Mo yé ẹyin, n kò rọ́mọ,
*Omi, tòrò o, tòrò.*

Erin ní, "Ìjàpá, wọ́n ní o da aró sódò."

Ìjàpá họ orí. "Kábíyèsí, wọn ò gbọ́ ọ dáadáa ni. Àrọ̀ ni mo dà síbẹ̀. Ọmọ ẹja àrọ̀, kí gbogbo wa lè rẹ́ja jẹ."

Àwọn ẹranko pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà ì bá pàtẹ́wọ́, ẹ má purọ́ fún mi.

Erin ní, "O ṣeun. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, a ó wá wo àrọ̀ rẹ. Bí a ò bá bá wọn láàyè, kí o kẹ́rù kúrò nílùú."

Irọ́ di iṣẹ́ sí Ìjàpá lọ́rùn. Ó sáré lọ tọrọ ọmọ àrọ̀ lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀, ó dà wọ́n sómi. Kíá, wọ́n yí ikùn sókè. Yánníbo ní, "Baálé mi, ẹja ò lè gbé inú aró."

Ìjàpá gbé ọkọ́. Ó gbẹ́ kòtò aró sọ́nà jíjìn. Ó kó ẹrẹ̀ dúdú kúrò nínú odò, ó gbin koríko padà sétí rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro ó, ó ń kọrin: *Omi, tòrò o, tòrò.* Àkèré gbọ́ orin ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀tá, inú rẹ̀ rọ̀, ó wá bá a kó ẹrẹ̀.

Òjò dé. Omi tòrò. Ìjàpá tún lọ tọrọ ọmọ àrọ̀, èyí yè. Erin àti àwọn ẹranko dé, Erin tẹjú mọ́ odò.

"Ìjàpá, kí ló dé tí ẹ̀yìn ẹja rẹ dúdú báyìí?"

"Kábíyèsí, aró díẹ̀ ló kù nísàlẹ̀."

Ó ti sọ ọ́ kó tó rántí irọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹranko bú sẹ́rìn-ín. Erin ní, "Etí mi ò di lọ́jọ́ kìíní. Odò ni mo fẹ́ gbà padà. Máa ṣọ́ ọ lọ."

Lọ́dún yẹn, ẹyin Àkèré pa, ọmọ kún etí omi. Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn àrọ̀ fi dúdú títí dòní, tí àkèré sì ń kọrin létí odò bí òjò bá rọ̀.

Bí mo bá purọ́, kí omi má tòrò fún mi bù mu. Ṣùgbọ́n mo bù ú láàárọ̀ yìí, mo rí ojú ara mi níbẹ̀.