Ilé Tí Kò Ní Igun

Ní ìlú Ẹrinlá láyé àtijọ́, bí wọ́n bá mọ ilé tán, Àwẹ̀ró ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń rẹ́ ogiri. Bó bá fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ogiri tán, tó wá fi òkúta odò dán an, eṣinṣin á fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú lára rẹ̀. Opó ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un ni Ọdẹ́jìnmí, àgbẹ̀ tó ń dáko lẹ́bàá ìsun omi tí gbogbo ìlú ń pọn. Baálẹ̀ ti ní kó yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún òun, Ọdẹ́jìnmí sì ti kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bàbá òun ló ṣán igbó ibẹ̀, òun ò sì ní jẹ́ kí ẹnì kankan fi ọgbà yí omi ìlú ká. Ọ̀rọ̀ yìí ka Baálẹ̀ lára.

Baálẹ̀ ọ̀hún, ẹ̀rù olófòófó ń bà á ju ẹ̀rù ogun lọ. Ó ní inú igun ilé ni wọ́n ń sá pamọ́ sí tí wọ́n fi ń gbọ́ àṣírí òun. Ló bá ní kí wọ́n mọ gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ tuntun ní roboto, kó má ní igun, kó má ní fèrèsé, kí Àwẹ̀ró sì dán inú rẹ̀ títí tí yóò fi máa kọ yànràn. Ó tún pàṣẹ pé bí òun bá ti wọlé síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ níta kò gbọdọ̀ dé etí ogiri. Àwọn obìnrin fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní Baálẹ̀ fẹ́ máa gbénú ìkòkò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú ni, wọ́n ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró nìkan ló kù nínú gbọ̀ngàn náà. Ó kúnlẹ̀, ó ń dán ẹsẹ̀ ogiri, nígbà tí Baálẹ̀ àti Ọ̀tún rẹ̀ wọlé. Wọ́n rí i kedere. Wọ́n kàn rìn lọ sí òdìkejì ni, wọ́n kọjú sí ogiri, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ta ni yóò ka obìnrin tí amọ̀ kùn lápá kún èèyàn? Àfi bí ohùn Baálẹ̀ ṣe jáde lára ogiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Àwẹ̀ró, bí ẹni pé ọkùnrin náà kúnlẹ̀ tì í.

"Fi ìrùkẹ̀rẹ̀ mi pamọ́ sínú abà Ọdẹ́jìnmí. Lọ́jọ́ ọjà, a ó lọ tú u jáde níbẹ̀ lójú ìlú. Bí a bá ti lé olè lọ, ilẹ̀ di tiwa."

Òkúta bọ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Ó rò pé iwin ló ń fọhùn. Ó gbé orí kúrò lára ogiri, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó dá etí padà sára ogiri, ó gbọ́ tí Ọ̀tún ń dáhùn pé òun yóò ṣe é. Ìgbà yẹn ló yé e. Nínú ilé onígun, ọ̀rọ̀ a máa forí gbá igun, a sì túká. Ogiri tó rí gbágungbàgun náà á gbé díẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n níbi tó bá rí roboto, tó sì ń dán, ohùn á fà mọ́ ogiri, á máa bá a yí lọ, bí omi tí a fi ipá dà sí ẹ̀gbẹ́ inú agbada. Àwọn tó ń ṣèwádìí ìró lóde òní, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ wọn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún wa.

Inú bí Àwẹ̀ró débi pé ó sunkún. Àbúrò rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí Ọdẹ́jìnmí sá lọ kí ọjọ́ ọjà tó pé. Àwẹ̀ró ní olè ló ń sá, òun ò bí olè. Nígbà tí ọjọ́ pé, kí Baálẹ̀ tó la ẹnu, ó bọ́ sáàárín èrò níwájú gbọ̀ngàn, ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà síta bó ṣe gbọ́ ọ.

Ojú Baálẹ̀ pọ́n. Ó ní obìnrin náà ti rú òfin òun nípa etí ogiri. Kó kúnlẹ̀, kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

"N ò ní kúnlẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Èyí tí mo kúnlẹ̀ rẹ́ ogiri yín ti tó. Baálẹ̀, ẹ̀yin lẹ fi ẹnu ara yín sọ pé ogiri ní etí. Etí ọ̀hún ni mo dán fún yín, òun náà ló sì gbọ́ yín."

Èrò bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá Ṣàngótóyè, tó dàgbà jù nílùú, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n dán an wò. Ó wọlé, ó fi etí ti ogiri. Àwẹ̀ró lọ sí òdìkejì, ó kọjú sí ogiri tirẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀. Àwọn tó dúró láàárín kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá gbórí sókè.

"Ó ní omi ìlú kì í ṣe ti ẹnì kan," ló wí. Àwẹ̀ró ní bẹ́ẹ̀ gan-an lòun wí. Bàbá wá kọjú sí Ọ̀tún. "Ọ̀tún, lọ bá wa mú ìrùkẹ̀rẹ̀ wá."

Ẹ̀rù ti ba Ọ̀tún kọjá ààlà. Ó lọ tààrà sínú abà Ọdẹ́jìnmí, ó mú un wá, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó wà.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n wó gbọ̀ngàn náà lulẹ̀. Àwẹ̀ró ní kí ó gbé ọkọ́ fúnra rẹ̀, nítorí àwọn tó rẹ́ ẹ kò ní wó o. Kò sẹ́ni tó mira. Ogiri dúró, Ọdẹ́jìnmí ń dáko rẹ̀ lọ, gbogbo ìlú ń pọn omi. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ìjòyè Ẹrinlá bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, wọ́n á kọ́kọ́ wo ogiri, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á sì pa ẹnu mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, ẹ rọra sọ̀rọ̀, ogiri létí.